Bàbá ìyàwó mi ń bá mi sọ̀rọ̀, mo sì gbàgbé láti na ẹsẹ̀ bàálù. Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é?

ỌmọÌjẹ̀bú_Houston kọ pé:

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láìdá sí i, ṣùgbọ́n eléyìí ti lé oorun lójú mi láti ìrọ̀lẹ́ Sátidé, mi ò sì tíì lè sọ ọ́ nílé.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo fi ń jẹun ní Houston. Bàálù wíwà, ìfẹ́ ọkàn mi ni. Láísẹ́ǹsì aládàáni ni mo ní, ó pé ọdún mẹ́rin báyìí, gbogbo wákàtí tí mo ti fò kò ju 210 lọ. Cessna 172 ni mo fi kọ́ ọ, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ká rárá. Ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ni mo bọ́ sórí Piper Arrow kan tí a máa ń háyà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Arrow mọ̀ pé ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀ ń ká wọ inú lẹ́yìn tó bá gbéra, awakọ̀ ló sì gbọ́dọ̀ rántí nà án padà kó tó balẹ̀. Wákàtí 31 péré ni mo ti lò lórí tirẹ̀.

Bàbá ìyàwó mi wá láti Ìjẹ̀bú-Òde kí wọ́n lè rí ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọn kì í sì í rí nǹkan kí wọ́n má bèèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí i pé ọkọ ọmọ àwọn ń wa bàálù lóòótọ́. Ni mo bá gbé wọn lọ sí apá Galveston ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kí wọ́n lè rí òkun àti àwọn ọkọ̀ ojú omi ńláńlá tó máa ń dúró níta kí wọ́n tó wọlé. Inú wọn dùn débi pé wọ́n dá orin ìyìn sílẹ̀ lójú ọ̀run. Èmi náà gbè é.

Ìgbà tí a ń padà bọ̀ lọ̀rọ̀ yí bìrí. Pápákọ̀ òfurufú tí a ń lò ní táwà, níbi tí wọ́n ti ń darí bàálù lórí rédíò. A wà lórí downwind, ìyẹn ni pé a ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́nwéè, a kọjú sí òdìkejì ọ̀nà tí a máa gbà balẹ̀, a ga tó ẹsẹ̀ bàtà 1,000 sí ilẹ̀. Bí mo ṣe máa ń ṣe é ni pé tí ìbẹ̀rẹ̀ rọ́nwéè bá ti bá èjìká mi dọ́gba, ọwọ́ ọ̀tún mi á lọ síbi ọ̀pá ẹsẹ̀. Màá tì í sísàlẹ̀, màá dúró kí iná mẹ́ta aláwọ̀ ewé tàn, màá wá dín agbára ẹ́ńjìnnì kù. Lọ́jọ́ náà ọwọ́ mi ti débẹ̀. Ìka mi ti kan ọ̀pá náà. Àsìkò yẹn gan-an ni táwà pè mí pé kí n má tíì yà, kí n máa lọ tààrà, torí Cessna kan ń bọ̀ látòkèèrè, ó ku máìlì mẹ́ta kó balẹ̀, àwọn á sọ fún mi ìgbà tí màá yà.

Mo dá wọn lóhùn, mo sì gbé ọwọ́ kúrò lórí ọ̀pá náà. Ohun tí mo rò ni pé tí ẹsẹ̀ bá jáde, eré á dínkù, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé tí wọ́n bá ti ní kí n yà, màá nà án.

Ibi tí mo ti ń wá Cessna yẹn kiri ojú ọ̀run ni bàbá bá mi sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ etí: "Ọkọ ọmọ mi, omi tó wà nísàlẹ̀ yẹn, ṣé Ọlọ́run ló dá a síbẹ̀ àbí èèyàn ló gbẹ́ ẹ?" Mo ní èèyàn ló gbẹ́ ẹ, sà. Wọ́n ní ṣé ẹja wà níbẹ̀. Mo ní ó wà níbẹ̀, sà. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí àwọn àti ẹ̀gbọ́n àwọn ṣe máa ń lọ wẹ̀ ní odò Yemoji nígbà tí wọ́n ṣì kéré. Táwà ní kí n yà. Mo yà. Mo sọ ìpele àkọ́kọ́ flaps kalẹ̀, àwọn pátákó ẹ̀yìn ìyẹ́ tó ń ràn wá lọ́wọ́ láti rọra sọ̀kalẹ̀. Mo rí Cessna yẹn tó ń balẹ̀ níwájú, ọkàn mi balẹ̀, mo tún yà sí final, ìyẹn ni pé a kọjú sí rọ́nwéè tààrà láti balẹ̀. Bàbá ṣì wà ní Yemoji.

Eré bàálù kọ̀ kò dínkù. Knots 95 ni mo ń rí níbi tó yẹ kí n ti rí 80. Mo rò pé afẹ́fẹ́ ni. Mo fa throttle, ọ̀pá agbára ẹ́ńjìnnì, wálẹ̀, fèrè kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Etí mi gbọ́ ọ, ọkàn mi ò gbọ́ ọ. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà náà ni ohùn obìnrin kan jáde lórí rédíò, ẹni tó dúró sínú bàálù tirẹ̀ lẹ́bàá rọ́nwéè tó ń retí kí wọ́n ní kó gbéra: "Arrow tó wà lórí final, ẹsẹ̀ rẹ ò sí nílẹ̀!"

Mo ti throttle síwájú, a gbéra padà. A ò ga ju ẹsẹ̀ bàtà 150 lọ. Bàbá ní, "Ṣé a ò balẹ̀ mọ́ ni?" Mo ní, "A fẹ́ yí po lẹ́ẹ̀kan sí i ni, sà." Wọ́n ní kí Ọlọ́run bù kún mi, pé mo ṣe ju ohun tí àwọn retí lọ. Àdúrà yẹn ló ń dùn mí jù lọ nínú gbogbo rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín rèé. Mo mọ ìwé àyẹ̀wò ìbalẹ̀ yẹn lórí, mo lè kà á fún yín lójú oorun. Kí ni awakọ̀ máa ṣe tí ẹnì kan bá já lu ìwé náà láàárín, kó má baà rò pé òun ti ṣe ohun tí òun ò ṣe? Èkejì, báwo ni ọmọ Yorùbá ṣe ń sọ fún bàbá ìyàwó rẹ̀ pé kó dákẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ní kí n sọ fún wọn. Ẹ̀yin náà ní àna. Ẹ̀kẹta, ṣé ó yẹ kí n fi ẹjọ́ ara mi sun ẹnikẹ́ni, ṣé láísẹ́ǹsì mi ò ní bá a lọ?

Olùkọ́_LátiZaria kọ pé:

Ẹ kú ewu, àbúrò. Kú ewu bàbá náà. Ọlọ́run bá wa fún obìnrin tó la ẹnu yẹn ní ohun tó ń fẹ́, torí ọ̀pọ̀ ló máa ń rí irú rẹ̀ tí wọ́n á ní kò kàn wọ́n.

Zaria ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí kí n tó wá sí Florida, ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ẹlòmíì. Mo ti ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìwọ rò pé orí final lo ti gbàgbé. Rárá. Ìgbà tí o ní "tí wọ́n bá ti ní kí n yà, màá nà án" ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. O gbé iṣẹ́ kan síbi tí kò sí ohunkóhun tó máa rán ọ létí. Ní gbogbo ìgbà tí o ti ń balẹ̀, rọ́nwéè tó bá èjìká rẹ dọ́gba ló ń rán ọ létí, o ò kàn mọ̀ ni. Táwà mú ọ kọjá ibẹ̀, olùránnilétí rẹ sì ṣẹ́ kù sẹ́yìn. Omi tí bàbá rí kàn wá bo ojú ibi tó ti ya ni.

Nítorí náà, tí ó bá tún ṣẹlẹ̀: na ẹsẹ̀ náà níbi tí o ti máa ń nà án, kí o sì fi agbára kún ẹ́ńjìnnì láti gbé e dúró. Ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀ fún máìlì mẹ́ta ò pa ẹnikẹ́ni, epo díẹ̀ ló máa jẹ. Tí ó bá sì pọn dandan kí o sún un síwájú, má gbé ọwọ́ kúrò lórí ọ̀pá náà. Kó máa rò ọ́ lọ́wọ́. Tí o bá nílò ọwọ́ náà, yí ìwé àyẹ̀wò rẹ dojú dé lórí itan, kí o má sì yí i padà títí iṣẹ́ náà á fi parí. Ohun tí ojú ń rí tí kò sí bó ṣe yẹ kó wà, òun ló ń rán ọkàn létí. Ìlérí tí a ṣe fún ara wa nínú ọkàn kì í pẹ́ sọnù.

Ní ti ẹni tó já lu ìwé àyẹ̀wò: padà sí òkè pátápátá. Kì í ṣe ibi tí o rò pé o dé. Ibi tí a rò pé a dé gan-an ni irọ́ ti máa ń wọlé, torí ọwọ́ tó lọ síbi nǹkan àti ọwọ́ tó ṣe nǹkan náà, bákan náà ni ọkàn ń rántí wọn. Ìwọ fúnra rẹ fọwọ́ kan ọ̀pá ẹsẹ̀. Mo lè fi ohun tí mo ní búra pé apá kan nínú ọkàn rẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé o ti nà án.

Gbogbo wa mọ GUMPS, lẹ́tà márùn-ún tó ń rán awakọ̀ létí ohun tó máa yẹ̀ wò kó tó balẹ̀. Epo, ẹsẹ̀, àdàlù epo àti afẹ́fẹ́, abẹ̀bẹ̀ iwájú, bẹ́líìtì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta: lórí downwind, lórí base (ìyẹn lẹ́yìn tí a bá kọ́kọ́ yà), lórí final. Ẹnu gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta, ọwọ́ gbọ́dọ̀ kan ohun tí ẹnu ń pè, ojú gbọ́dọ̀ wò ó. TB-9 ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ní Zaria, bàálù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ká, síbẹ̀ olùkọ́ wa kì í jẹ́ ká balẹ̀ láìpe ẹsẹ̀. Inú ń bí wa nígbà náà. Ọdún méje lẹ́yìn rẹ̀, nínú òjò, tí táwà ń pariwo mọ́ mi, ẹnu mi pe ẹsẹ̀ kí ọkàn mi tó rántí rẹ̀. Mo wo iná, kò tàn. Olùkọ́ yẹn ti kú, mi ò sì rí i dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti ọ̀rọ̀ sísọ: òfin kan wà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1981 pé nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 10,000, àwọn awakọ̀ ọkọ̀ òfurufú elérò ò gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ tí kò kan iṣẹ́. Ohun tó fà á ni irú ìjàm̀bá tó ṣẹlẹ̀ ní Charlotte ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1974. Àwọn awakọ̀ DC-9 kan ń sọ ọ̀rọ̀ òṣèlú àti mọ́tò àlòkù bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ nínú kùrukùru, wọ́n sì já lulẹ̀ kí wọ́n tó dé rọ́nwéè. Ó ju èèyàn 70 lọ tó kú. Òfin yẹn ò de ìwọ tí ò ń gbé àna rẹ lọ wo òkun. Ṣùgbọ́n awakọ̀ méjì ló wà nínú DC-9 yẹn, ìwọ nìkan ló wà nínú Arrow.

Ní ti ìbéèrè kẹta, o ò já ohunkóhun, o ò pa ẹnikẹ́ni lára, kò sí òfin tó ní kí o lọ fẹjọ́ sùn. Àmọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ASRS, ètò tí awakọ̀ ti ń ròyìn àṣìṣe ara rẹ̀ kí àwọn yòókù lè fi kọ́gbọ́n. NASA ló ń gbà á láti ọdún 1976, kì í ṣe FAA, àjọ ìjọba tó ń ṣòfin fún àwọn awakọ̀ òfurufú, wọ́n sì máa ń yọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ kúrò. Tí o bá kọ ọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, tí kì í ṣe ohun tí o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, ó lè gbà ọ́ lọ́wọ́ ìyà bí ọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́. Sátidé lo sọ. Má jẹ́ kó pẹ́.

MẹkáníìkìBàálù_ATL kọ pé:

Ohun tí Àǹtí Olùkọ́ sọ tó. Èmi kàn fẹ́ bi ọ́ léèrè kan: ṣé o ti tan iná ojú pánẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ náà?

Mo bèèrè torí pé nínú Arrow, tí o bá ti tan iná yẹn, àwọn iná aláwọ̀ ewé mẹ́ta náà máa ń rẹlẹ̀ kí wọ́n má baà dun ojú lóru. Tí oòrùn bá ṣì wà lójú ọ̀run, wọ́n á rẹlẹ̀ débi pé o ò ní mọ̀ bóyá wọ́n tàn tàbí wọn ò tàn. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ti gbé bàálù wá bá mi pé iná ẹsẹ̀ ti jó, bọ́tìnì iná pánẹ́ẹ̀lì ni mo kàn pa fún wọn. Ewu ibẹ̀ ni pé ojú á mọ́ àìrí iná náà lára. Ọjọ́ tí kò bá wá tàn lóòótọ́, kò ní jọ ọ́ lójú.

Fèrè tó ń kìlọ̀ pé ẹsẹ̀ ò tíì sí nílẹ̀ tún ńkọ́? Má gbára lé e. Ìgbà tí agbára ẹ́ńjìnnì bá lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí inch 14 lórí manifold pressure, aago tó ń fi agbára ẹ́ńjìnnì hàn, ló máa ń ké. Ìwọ ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, o fi agbára gbé e, nítorí náà kò rí ìdí tó fi máa ké títí o fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí rọ́nwéè. Ó ké nígbà tó yẹ kó ké, ó kàn ti pẹ́ jù ni. Àwọn Arrow àtijọ́ tún ní ẹ̀rọ kan tó ń na ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ bí eré bá ti dínkù jù, ọ̀pọ̀ oníbàálù sì ti ní kí a pa á. Bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni èyí tí ò ń háyà, kí o mọ èyí tó wà lábẹ́ ìdí rẹ.

Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń tún bàálù ṣe. Mẹ́rin ni mo ti bá wọn gbé dìde lórí rọ́nwéè lẹ́yìn tó fi ikùn balẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ ló kọ́kọ́ ń kan ilẹ̀, etí rẹ̀ á ká sẹ́yìn bí ewé tí iná rà. Tí abẹ̀bẹ̀ bá ti kan ilẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, a gbọ́dọ̀ tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀ ká yẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ wò. Ẹ fi awọ ikùn kún un, àti àwọn eriali abẹ́ rẹ̀. Bàálù tó bá ti dàgbà, owó àtúnṣe á ju iye tó tó lọ, àwọn adójútòfò á sì ní ká máa tà á ní ẹ̀yà-ẹ̀yà. Méjì nínú mẹ́rin yẹn ò fò mọ́. Èèyàn kankan ò fara pa nínú wọn, mo sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n mo rí ojú àwọn awakọ̀ náà. Ọ̀kan, ilẹ̀kùn ló ṣí gbayawu lójú ọ̀run. Ọ̀kan, ọmọ rẹ̀ ń bì lẹ́yìn. Ọ̀kan, táwà pààrọ̀ rọ́nwéè fún un nígbà tó kù díẹ̀. Ẹni kẹrin ò rántí ohunkóhun tó dí i lọ́wọ́. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún mi: "Mo ti nà án, mo mọ̀ pé mo ti nà án."

Ohun kan ṣì kù tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí mọ̀. Ìwọ rí i ní ẹsẹ̀ bàtà 150, o gbéra padà, o ṣe é re. Ṣùgbọ́n tí ikùn bá ti kan ilẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa wọ́ lọ. Ẹ má gbéra mọ́. Ní Karachi, ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2020, àwọn awakọ̀ Airbus A320 kan ń sọ ọ̀rọ̀ kòrónà bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀, àwọn fèrè ìkìlọ̀ ń ké, ẹsẹ̀ ò sí nílẹ̀. Wọ́n fi ẹ́ńjìnnì méjèèjì fá rọ́nwéè, wọ́n sì tún gbéra. Ẹ́ńjìnnì méjèèjì kú mọ́ wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó lè yí padà dé. Ẹni 97 nínú ẹni 99 ló kú. Ká ní wọ́n jẹ́ kó wọ́ dúró ni, mo gbà pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ì bá ti fẹsẹ̀ ara wọn sọ̀kalẹ̀.

ÌyáẸ̀fọ̀n kọ pé:

Ọmọ mi, mi ò mọ bàálù. Ọmọ mi ọkùnrin ló ń kọ́ ọ ní Ìlọrin, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń wá ka ohun tí ẹ ń kọ níbí, kí n lè mọ ohun tí màá gbàdúrà lé lórí. Ìbéèrè rẹ kejì ni mo fẹ́ dá sí.

Awakọ̀ ni bàbá tó bí mi. Ọ̀nà Iléṣà sí Adó-Èkìtì ni wọ́n ń ná, ẹni tó bá sì mọ ọ̀nà yẹn mọ gẹ̀rẹ́ òkè Ẹ̀fọ̀n-Alààyè. Ní ayé ìgbà náà, bíréèkì ọkọ̀ ò rí bí ó ṣe rí báyìí. Kí ọkọ̀ tó kúrò ní gáréèjì ni ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ máa ń sọ fún gbogbo èrò pé tí òun bá ti fọwọ́ lu ara ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá dẹ́rẹ́bà sọ̀rọ̀ mọ́ títí a ó fi dé ìsàlẹ̀ òkè. Olóyè ń wọ ọkọ̀ yẹn. Àlùfáà ń wọ̀ ọ́. Àwọn ìyá aláṣọ tí ẹnu wọn kì í sinmi náà ń wọ̀ ọ́. Mi ò rí ẹnì kan rí tó ní wọ́n rí òun fín, torí gáréèjì ni wọ́n ti gbọ́ ọ, wọ́n sì jọ gbọ́ ọ ni. Tí bàbá mi bá dúró di orí gẹ̀rẹ́ kí wọ́n tó kígbe mọ́ àgbàlagbà pé kó dákẹ́, ìjà ni ì bá dà.

Nítorí náà, ilé ni kí o ti sọ ọ́, kí bàálù tó dún. Dọ̀bálẹ̀ fún bàbá. Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sátidé fún wọn bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, má fi ẹ̀bi kankan sórí wọn, torí wọn ò jẹ̀bi. Ìwọ ni o ò sọ fún wọn. Lẹ́yìn náà, fún wọn níṣẹ́. Olùkọ́ ni wọ́n, wọn ò ní lè jókòó lásán. Ní kí wọ́n bá ọ máa wo ojú ọ̀run bóyá bàálù mìíràn ń bọ̀.

Má fi pamọ́ fún ìyàwó rẹ náà. Òun ló ní ọkọ, òun ló ní bàbá.

ỌmọÌjẹ̀bú_Houston kọ pé:

Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má bínú pé mo dákẹ́.

Mo kọ ti ASRS ní ọjọ́ keje. Kíkọ rẹ̀ nìkan kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́, torí ibi tí mo ti ń to ọ̀rọ̀ náà ni mo ti rí i pé Àǹtí Olùkọ́ gba òótọ́ sọ, mi ò lè sọ ìgbà kan pàtó tí mo pinnu pé ẹsẹ̀ ti wà nílẹ̀. Mo kàn ń gbé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ náà ni.

Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì, bẹ́ẹ̀ ni, iná ojú pánẹ́ẹ̀lì wà ní títàn. Mo tàn án lórí òkun kí bàbá lè rí àwọn aago inú rẹ̀ dáadáa, mi ò sì pa á. Nígbà tí mo padà lọ, mo tàn án nílẹ̀ nínú oòrùn, mo wo iná mẹ́ta náà. Àfi ìgbà tí mo fi àtẹ́lẹwọ́ ṣíji bò wọ́n ni mo tó rí wọn. Ẹ̀rọ tó ń na ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ yẹn náà, wọ́n ti pa á tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi, èmi náà ò bèèrè.

Mo bá olùkọ́ kan fò fún wákàtí méjì. Mo ní kó máa dí mi lọ́wọ́ bó bá ṣe wù ú. Ní ìbalẹ̀ àkọ́kọ́, ó ju gègé sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, ó ní kí n bá òun mú un. Mo mú un fún un, mo sì fò bẹ́líìtì àti abẹ̀bẹ̀ dá. Ojú tì mí. Láti ìbalẹ̀ kẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí òkè ìwé bí ó bá ti sọ̀rọ̀, ẹ̀ẹ̀kan sì wà tí mo padà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ilẹ̀ ti ń sún mọ́, ni mo bá gbéra padà. Ó ní ìyẹn gan-an ni òun ń retí láti àárọ̀.

Ìyá Ẹ̀fọ̀n, mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá nínú pálọ̀, ìyàwó mi wà níbẹ̀, ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ìyàwó mi sunkún. Bàbá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Obìnrin yẹn, ṣé o ti lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?" Mi ò tíì lọ. Wọ́n ní a ó jọ lọ ni.

A wádìí rẹ̀ ní pápákọ̀. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, Cessna 150 kékeré kan ló ní. Bàbá wọ agbádá lọ bá a nínú gáréèjì bàálù rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Wọ́n ṣí fìlà fún un. Ó ní òun fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ̀rọ̀, torí òun rò pé awakọ̀ náà ti mọ̀, pé òun ò fẹ́ kí ó dà bí ẹni tó ń kọ́ni níṣẹ́. Ìyẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Báyìí, tí mo bá ti gbé ọwọ́ òsì mi sókè nínú bàálù, ọ̀rọ̀ parí títí a ó fi kúrò lórí rọ́nwéè. Bàbá ló ní kó jẹ́ ọwọ́ òsì, wọ́n ní ọwọ́ ọ̀tún ní iṣẹ́ tó ń ṣe. A ṣì máa fò ní Sátidé tó ń bọ̀ kí wọ́n tó padà sílé. Wọ́n ti gbà láti máa wo ojú ọ̀run, wọ́n sì ní kí n bi yín: tí ọwọ́ mi bá wà lókè, tí àwọn sì rí bàálù mìíràn tí mi ò tíì rí, ṣé kí àwọn fọwọ́ kàn mí ni àbí kí àwọn sọ̀rọ̀?

Olùkọ́_LátiZaria kọ pé:

Kí wọ́n pariwo. Bàálù mìíràn, ẹyẹ, èéfín, ilẹ̀kùn tó ń mì, kí wọ́n pariwo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bá mi sọ fún bàbá pé ohun tí ọwọ́ yẹn ń dá dúró ni Yemoji.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá sì ti pariwo, tí o ti rí ohun tí wọ́n rí, padà sí òkè ìwé.